Sí Ẹ̀yin Tí Kọ́kọ́rọ́ Grim Fandango Wà Lọ́wọ́ Yín

Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ Disney àti ẹ̀ka rẹ̀, Lucasfilm Games

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Eré kan tó wà níkàáwọ́ yín ló mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Grim Fandango ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ LucasArts gbé e jáde ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1998, ó di àwátì lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí iléeṣẹ́ Double Fine tó tún un ṣe, tó fi padà dé ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2015. Ọpẹ́ wà nínú lẹ́tà yìí, nítorí ẹ̀yin lẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ tó fi rí ọ̀nà padà. Ẹ̀bẹ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí ohun tí a gbọ́ nípa bó ṣe padà fi hàn pé díẹ̀ ló kù kó má padà mọ́. Mo kọ ọ́ ní gbangba, mo sì kọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn èèyàn mi tó ń gbá géèmù, àwọn tó ń ṣe é, àti àwọn tó kàn fẹ́ràn ìtàn lè bá mi dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ro ìtàn eré náà díẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Manny Calavera. Ó ti kú. Ilẹ̀ àwọn òkú ló ń gbé, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní El Marrow, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ìrìnàjò ọdún mẹ́rin ló wà níwájú òkú kọ̀ọ̀kan kó tó dé ibi ìsinmi ìkẹyìn, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi rìn ín. Ẹni tó bá ṣe dáadáa láyé lè rí mọ́tò tàbí ọkọ̀ ojú omi gbà. Ẹni tí ìwà rẹ̀ dára jù lọ á wọ ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ń pè ní Number Nine, tó ń parí ìrìnàjò ọdún mẹ́rin náà ní ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Manny ló ń ṣètò ìrìnàjò yìí fún àwọn òkú, kó lè fi san gbèsè ìwà tó hù nígbà tó wà láyé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Meche jókòó síwájú tábìlì rẹ̀. Ìgbé ayé Meche mọ́, kò sí àbàwọ́n tó ṣeé kà sí, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní kò sí tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Bí Manny ṣe fura nìyẹn. Àwọn kan ń jí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ẹni rere, wọ́n ń tà á fún àwọn olówó. Ọdún mẹ́rin ni ìtàn náà gbà, láti El Marrow dé èbúté Rubacava, dé orí òkun, dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ àwọn òkú. Ọjọ́ tí àwọn ará Mẹ́síkò ń ṣàjọ̀dún àwọn òkú wọn ni orí kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sí, lọ́dún kan tẹ̀lé òmíràn.

Ẹni tó bá ti ka Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ti D. O. Fágúnwà kò ní í ṣe àjèjì nínú irú ìtàn báyìí. Eré ìrìnkèrindò ni. Kò sí ìbọn yíyìn lọ́tùn-ún lósì, ẹnikẹ́ni kò sì ní í máa lé ọ bí o ti ń lọ. Wàá máa rìn, wàá máa bá ẹni tí o bá pàdé sọ̀rọ̀, wàá kó nǹkan sápò, wàá jókòó ronú ohun tí o lè fi ṣe, wàá tún padà síbi tí o ti kọjá lánàá. Ẹni tí kò ní sùúrù kò ní í gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò bá àwọn èèyàn inú rẹ̀ gbé fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn tó ṣe é kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Tim Schafer ló darí iṣẹ́ náà. Ara àwọn òkú inú rẹ̀ dà bí àwọn ère egungun tí àwọn ará Mẹ́síkò ń fi bébà ṣe nígbà àjọ̀dún náà. Àwọn ilé rẹ̀ pa iṣẹ́ ọnà àwọn Aztec pọ̀ mọ́ ti àwọn ilé gogoro Amẹ́ríkà láyé ọdún 1930, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì tọ ipasẹ̀ àwọn fíìmù aláwọ̀ dúdú-àti-funfun bíi Double Indemnity àti Casablanca. Tony Plana, òṣèré tí wọ́n bí ní Havana, ló fi ohùn rẹ̀ sọ Manny di èèyàn. Ẹnu rẹ̀ ni èdè Sípéènì ti ń já wọ inú èèbó, láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró láti túmọ̀ rẹ̀. Peter McConnell ló kọ orin, ó po jáàsì mọ́ orin ìbílẹ̀ Mẹ́síkò títí tí èèyàn ò fi mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ní abẹ́ gbogbo èyí, Lua, èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ dá sílẹ̀ ní yunifásítì kan ní Rio de Janeiro lọ́dún 1993, ni Bret Mogilefsky àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi darí ìṣesí eré náà. Grim Fandango wà lára àwọn eré tó kọ́kọ́ lo Lua, òun ló sì jẹ́ kí òkìkí èdè náà kàn láàárín àwọn tó ń ṣe géèmù. Àwọn ọmọdé tó ń gbá Roblox lórí fóònù nílé wa lónìí, èdè tó ti ara Lua jáde ni wọ́n ń lò láìmọ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé eré yìí ṣe pàtàkì, kì í ṣe ìfẹ́ ara mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ eré yìn ín. GameSpot fi í ṣe eré tó dára jù lọ lọ́dún 1998. Ṣùgbọ́n ọjà kò gbà á bó ṣe yẹ. Schafer kúrò, ó lọ dá Double Fine sílẹ̀ ní ọdún 2000. LucasArts gbé Escape from Monkey Island jáde lọ́dún kan náà, kò sì tún ṣe eré ìrìnkèrindò mìíràn bí irú rẹ̀ mọ́. Ní 2003 wọ́n fagi lé apá kejì Full Throttle, ní 2004 wọ́n fagi lé Sam & Max tuntun. Ẹ ra Lucasfilm, tó ni LucasArts, ní 2012 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ẹ dá iṣẹ́ ṣíṣe eré dúró ní LucasArts. Mi ò wá bá yín jà lórí ìyẹn. Òwò ni, ẹni tó ra ilé ló mọ yàrá tó fẹ́ tì. Ohun tó wà nínú yàrá tí ẹ tì ni mo wá bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi eré wé ìwé. D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Bí ẹnikẹ́ni bá bá ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́ nínú àpótí bàbá rẹ̀ lónìí, ojú àti ìmọ́lẹ̀ ni yóò fi kà á. Bébà lè ti pọ́n, ìtàn náà ṣì wà. Ìwé ò gbára lé ohun kankan láti lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n eré kọ̀ǹpútà gbára lé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà gbára lé ètò tó ń darí rẹ̀, ètò yẹn sì ń yí padà lọ́dọọdún. Lórí sídíì méjì ni Grim Fandango wà nígbà tó jáde, wọ́n sì ṣe é fún Windows ìgbà náà. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́wàá, ẹni tó ra sídíì náà lọ́nà òfin, tó sì tọ́jú rẹ̀, kò lè fi ọkàn tán an mọ́. Ibì kan wà ní Rubacava tí Manny ti ní láti wa ọkọ̀ agbẹ́rù kan nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, kó dá a dúró láàárín àjà méjì. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun, nítorí pé ó yára ju èyí tí wọ́n ṣe eré náà fún lọ, ohun tó yẹ kó ṣeé ṣe níbẹ̀ kì í ṣeé ṣe mọ́. Àwọn olólùfẹ́ eré náà ló jókòó, tí wọ́n wá àtúnṣe sí i fúnra wọn, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan nínú wọn tún kọ ẹ̀rọ tó ń gbé eré náà ró láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí. Iṣẹ́ ìfẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ àwọn téèpù tí wọ́n fi pa iṣẹ́ eré náà mọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Nígbà tí ẹ yọ̀ǹda fún Double Fine, lẹ́yìn tí àwọn kan ní Sony àti nínú iléeṣẹ́ yín tó fẹ́ràn eré náà ti bá wọn sọ̀rọ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rò ni pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti tún irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa, èèyàn nílò àwòrán bó ṣe wà kí wọ́n tó rọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ kó lè gba inú sídíì, ó nílò ohùn àwọn òṣèré bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò, ó nílò orin lápá lápá, ó sì nílò ìwé ìtọ́ni tí àwọn olùṣètò kọ. Ohun tí àwọn ará Double Fine tọ́jú sọ́dọ̀ kò pé. Wọ́n ní láti máa bi àwọn tó ti kúrò ní LucasArts tipẹ́ bóyá nǹkan kù nínú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ sílé. Ẹ̀yin náà ṣí àpótí yín, ẹ fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn wọ́n, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Orí téèpù DLT ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, irú téèpù tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń pa nǹkan mọ́ láyé ọdún 1990. Téèpù wà, ẹ̀rọ tí yóò kà á ni kò sí.

Jory Prum ló yọ wọ́n. Ó ti ṣiṣẹ́ ohùn ní LucasArts rí, nígbà tó sì kúrò, ó ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń ka DLT yẹn lọ́wọ́, kò jù ú nù. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi yọ ohùn inú àwọn téèpù náà jáde. Ẹ rò ó wò. Iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ńlá fi ọ̀pọ̀ owó ṣe, tí àwọn òṣèré tó gbóná fi ohùn wọn sí, tí ẹ̀yin fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù dọ́là ra ilé tó jogún rẹ̀, ẹ̀rọ kan tí ẹnì kan kò dà nù ló gbé e padà sáyé. Jory Prum kú ní ọdún 2016. Ká ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n tó ronú àtúnṣe yìí, ta ni wọn ìbá lọ bá?

Ẹ má ṣe bínú pé mo tẹnu mọ́ ọn. Àwa tí à ń sọ Yorùbá mọ irú àdánù yìí ní ilé. Ọlá Balógun ṣe fíìmù Àjàní Ògún ní 1976, pẹ̀lú Adé Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù náà lónìí bí wọ́n ṣe wò ó nínú sinimá nígbà náà, ó máa rìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ibi ẹ̀dà tó dára. Ohun tí a bá gbàgbé sínú àpótí, tí a kò mójú tó, ń bàjẹ́ láìpariwo, ẹnikẹ́ni kì í sì í mọ ọjọ́ tó kú.

Nínú Grim Fandango fúnra rẹ̀, òkú náà lè tún kú. Bí wọ́n bá yin ohun kan báyìí mọ́ ọn lára, òdòdó á bẹ̀rẹ̀ sí í hù láti inú egungun rẹ̀ títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, kò sì sí ìrìnàjò kankan fún un mọ́. Mi ò mọ ìran mìíràn nínú eré kọ̀ǹpútà tó bà mí lọ́kàn jẹ́ tó ikú kejì yẹn.

Mo yin ohun tí Double Fine ṣe. Wọ́n tún ìmọ́lẹ̀ ara àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe, òjìji ń ṣubú síbi tó yẹ, ojú Manny mọ́ kedere. Síbẹ̀ wọn kò fọwọ́ kan bí àwọn ògiri àti òpópónà ṣe rí lójú ayàwòrán 1998. Ìwọ̀n àwòrán rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó fẹ̀ kárí tẹlifíṣọ̀n lè fà á fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà tí èèyàn fi lè padà sí ìrísí àtijọ́ nígbàkígbà tó bá wù ú. Lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n gba iṣẹ́ tí olólùfẹ́ eré náà kan ti ṣe, kí èèyàn lè fi máósì darí Manny dípò títẹ bọ́tìnnì kiri, wọ́n sì fi í sínú ẹ̀dà tuntun náà. Ó dùn mọ́ mi gan-an pé wọn kò tijú láti gba ọ̀nà olólùfẹ́. Ẹgbẹ́ olórin Melbourne Symphony Orchestra tún orin McConnell lù. Àwọn tó ṣe eré náà sì jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ṣe é, èèyàn lè máa gbọ́ wọn bó ti ń lọ. Apá yẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú àtúnṣe náà. Mo gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń rántí iṣẹ́ èwe rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti dùn ún.

Bí wọ́n ṣe ṣe Day of the Tentacle ní 2016 tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré 1993 ni. Nígbà tí wọ́n ṣe é, wọ́n fi kọ̀ǹpútà kan sínú yàrá kan nínú ìtàn náà, ẹni tó bá sì lọ tẹ̀ ẹ́ yóò bá odindi Maniac Mansion níbẹ̀, eré 1987 tó ṣáájú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àtúnṣe 2016 kò yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ra ọ̀kan ra méjì, ọmọ gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n wá. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé nìyẹn.

Nítorí pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí fún Grim Fandango. Ẹ̀dà 2015 nìkan ló wà lọ́jà. Bọ́tìnnì tó ń fi ìrísí àtijọ́ hàn dára, àmọ́ ìrísí nìkan ló ń fi hàn. Eré tó jáde ní 1998, bó ṣe wà, pẹ̀lú bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹni àti orin rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ pò ó, kò sí ẹni tó lè fi owó rà á lọ́wọ́ yín mọ́. Bákan náà ni The Secret of Monkey Island. Nígbà tí LucasArts tún un yà ní 2009, bọ́tìnnì F10 ni ẹni tó bá fẹ́ rí àwòrán 1990 ń tẹ̀. Mo dúpẹ́ fún F10 yẹn, torí irun tí wọ́n yà sí orí Guybrush, akọni eré náà, ní 2009 kò bá mi lára mu rárá, àwòrán kékeré ti àtijọ́ yẹn ní ẹ̀mí jù ú lọ. Ẹlòmíràn lè sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Kí á lè máa jiyàn, ó yẹ kí méjèèjì wà níwájú wa, kí ti àtijọ́ sì wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Èrò àwọn èèyàn ìgbà kan nípa iṣẹ́ àwọn èèyàn ìgbà mìíràn ni àtúnṣe jẹ́. Kò lè jẹ́ arọ́pò iṣẹ́ náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyí, nígbà náà: ẹni tó bá ra tuntun, ẹ fún un ní ògbólógbòó pẹ̀lú rẹ̀. Eré tó gba inú sídíì méjì kò wúwo lójú íntánẹ́ẹ̀tì òde òní. Fún àwa tí à ń fi owó ra dátà díẹ̀díẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ wa sì ń lo kọ̀ǹpútà àlòkù, ògbólógbòó náà gan-an ni ìbá bá agbára wa mu.

Èkejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù keje ọdún 2023, Video Game History Foundation àti Software Preservation Network gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn eré tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010. Nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàlá péré ló ṣì wà lọ́jà. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún yòókù, àfi kí èèyàn wá ẹ̀rọ àtijọ́ àti sídíì àtijọ́ kiri, tàbí kó rìnrìnàjò lọ sí ilé ìkàwé tó ní in, tàbí kó gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Àwọn ilé ìkàwé wá lọ bẹ ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ káwọn olùwádìí lè fi íntánẹ́ẹ̀tì lo irú eré bẹ́ẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá wà, láìjẹ́ pé wọ́n wá sínú ọgbà ilé ìkàwé. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ eré, Entertainment Software Association, takò ó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba ní kò ṣeé ṣe.

Ẹ wo ohun tí ìpinnu yẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì wa tó fẹ́ kọ̀wé lórí bí eré kọ̀ǹpútà ṣe ń ro ìtàn òkú àti ọ̀run, ìmọ̀ wà lórí rẹ̀, ìtàn egúngún àti ará ọ̀run tó gbọ́ nílé ti fún un ní ojú tí ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kò ní. Ṣùgbọ́n kó tó lè fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ eré tó fẹ́ yẹ̀ wò, ó ní láti gba físà, ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kó lọ jókòó ní ilé àkójọ The Strong ní Rochester, tàbí ní ilé ìkàwé yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á fi físà dù ú. Ìmọ̀ rẹ̀ á sì kú sí i nínú.

Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ọ́fíìsì yẹn ń jókòó lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá tún yí kàn, mo bẹ̀ yín, ẹ dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé ìkàwé. Ọ̀rọ̀ yín tẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin lẹ lè sọ, pẹ̀lú ẹ̀rí Grim Fandango lọ́wọ́, pé oníléeṣẹ́ nìkan kò lè pa ohun tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́, pé ilé ìkàwé ló ń ṣe iṣẹ́ tí oríire ṣe fún yín ní 2014. Ẹ má sì dúró dìgbà náà kí ẹ tó da gbogbo téèpù tó kù sórí ohun tí ẹ̀rọ òde òní lè kà, ti The Dig, ti Indiana Jones and the Fate of Atlantis, ti The Curse of Monkey Island. Kí ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ ilé ìkàwé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kódà bí ẹ bá fi èdìdì dì í fún ogún ọdún. A ò ní kí ẹ fi ohun ìní yín tọrẹ. Lílà rẹ̀ já ni à ń bẹ̀ fún.

Ó kù kan, tiwa ni pátápátá. Grim Fandango kún fún ọ̀rọ̀. Èdè Yúróòpù mélòó kan ni wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí. Kò sí Yorùbá níbẹ̀, mi ò sì retí pé kí ẹ fi owó yín ṣe é, torí mo mọ bí ọjà wa ṣe rí. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí ẹ jẹ́ kó ṣeé ṣe fún wa láti ṣe é fúnra wa. Nínú ọ̀pọ̀ eré àtijọ́, ọ̀rọ̀ inú wọn wà nínú fáìlì tí a tì pa. Lẹ́tà tí wọ́n sì fi ń kọ ọ́ sójú gíláàsì kò ju èyí tí èdè Yúróòpù nílò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà ẹ kó tún fi àmì ohùn lé e lórí, àpótí òfìfo tàbí àmì ìbéèrè ni yóò rí. Ẹ ṣí fáìlì ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí èèyàn lè fi fọ́ǹtì tirẹ̀ sí i, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yín pé ìtumọ̀ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn akọ̀wé àti olùṣètò kọ̀ǹpútà tó lè ṣe é wà ní Èkó, wọ́n wà ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bí Glottis, ẹ̀mí òkùnkùn oníwọ̀ra tó ń wa mọ́tò fún Manny, tí ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ọmọdé lọ, ṣe máa sọ̀rọ̀ bí awakọ̀ dánfó. Mo fẹ́ kí ìyá tí kò gbọ́ èèbó lè jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí ó máa ka ọ̀rọ̀ àwọn òkú náà sókè, kí ó máa bá wọn jiyàn.

Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe nǹkan wọ̀nyí, nítorí ẹ ti ṣe èyí tó le jù wọ́n lọ. Ní 2022 ẹ jẹ́ kí Ron Gilbert, ẹni tó dá Monkey Island sílẹ̀, padà sí i láti ṣe Return to Monkey Island, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti kúrò níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó ṣe é bó ṣe wù ú. Ẹ ti fi hàn pé ẹ mọ iyì ohun tí ẹ jogún.

Mo ń dúró de èsì yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi téèpù. Ẹ rán ẹnì kan lọ sínú yàrá yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí ó kọ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ó wádìí èyí tó ṣì ṣeé kà, kí ẹ sì kéde rẹ̀ fún gbogbo wa.